Ọjọ́ Ogbó àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Kí Ló Dé tí Àgbà Kò Fi Dá Wa Lóhùn Mọ́?

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní ọdún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Oríṣi ẹjọ́ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ a ní, "Áàfáà, màmá àgbà kì í dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí wọn." Ìyá ọmọ a ní, "Bàbá ọkọ mi ti yí padà. Ohun tí a bá jọ sọ lónìí, tó bá di ọ̀la wọn á ní a kò sọ ọ́." Ẹlòmíràn a ní, "Bí a bá jókòó tí a ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń dìde kúrò láàrin wa, wọn á ní ọ̀rọ̀ àwọn ni a ń sọ." Ibi tí irú ẹjọ́ báyìí máa ń parí sí ni pé àgbà ti di onínúfùfù, tàbí pé ó ti ń ṣarán, tàbí pé nǹkan mìíràn wà nídìí rẹ̀ tí a kò fẹ́ fi ẹnu sọ.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú láàrin àgbà àti àwọn ará ilé rẹ̀, ìwà àgbà kọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ojú, ó lè jẹ́ ìrántí, ó sì lè jẹ́ ìbànújẹ́ tí ó wà nínú. Bí a kò bá mọ èyí tí ó jẹ́, a ó máa pe àìsàn ní ìwà, a ó sì máa fi ìbínú wo ohun tí ó yẹ kí á fi ìtọ́jú wò. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNÍ: ETÍ

Nínú etí ènìyàn lọ́hùn-ún, àwọn ohun tín-tìn-tín kan wà tí wọ́n dà bí irun. Àwọn ni wọ́n ń gba ìró, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Èyí tí ó bá kú nínú wọn kì í hù padà. Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ a máa dín wọn kù. Ariwo ẹ̀rọ àti ti jẹnẹrétọ̀ tí a ti gbọ́ láti ìgbà èwe a máa dín wọn kù, àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà náà a sì máa bà wọ́n jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàrin àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún, ó ju 25 lọ nínú 100 tí etí wọn ti di dé ibi tí ó ń dí wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n etí àgbà kì í di lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn. Ìró tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń sọnù, ìró tí ó nípọn a sì kù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan èdè Yorùbá tiwa. Nínú èdè wa, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn fáwẹ̀lì bí a, ẹ àti ọ, wà lára ìró tí ó nípọn. Etí àgbà ṣì lè gbé wọn. Àmọ́ àwọn kọ́ńsónáǹtì bí f, s, ṣ, t àti k tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń yára kọjá. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ẹ̀kọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní, kọ́ńsónáǹtì ẹyọ kan péré ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ti ilé kéú dé tí ó sọ fún ìyá àgbà pé, "Ẹ̀kọ́ wa pọ̀ lónìí," ìyá lè dáhùn pé, "Ẹ̀fọ́ pọ̀? Èló ni wọ́n ń tà á?" Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín. Ìyá á wò yíká, kò mọ ohun tí òun wí tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ni ẹ rò pé ìyá yóò ṣe? Yóò dákẹ́ ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́ kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ó bá sì ti dákẹ́ tán, àwa ará ilé ni a óò tún sọ pé ó ń yan odì.

Bí àgbà bá sọ pé, "Mò ń gbọ́ ohùn yín, n kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí," ẹ gbà á gbọ́, òótọ́ ni ó ń sọ. Àwọn kan a máa ní, "Ẹ má dá bàbá lóhùn, èyí tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin nípọn ju ohùn obìnrin àti ti ọmọdé lọ. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́ sì máa ń wọlé ju èyí tí a sọ níbi tí rédíò ti ń ké tí ọlọ ń lọ. Nítorí náà bàbá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìdájí, kí ó má gbọ́ ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìyàwó á wá rò pé bàbá ọkọ òun kórìíra òun. Irú èyí ti da ilé púpọ̀ rú, ó sì ṣe é ṣe kó jẹ́ pé etí nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ariwo kì í ṣe oògùn rẹ̀. Bí a bá pariwo, fáwẹ̀lì ni ariwo ń gbé ga, kọ́ńsónáǹtì tí ó sọnù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ sí i. Etí tí ó ti gbó tún ní ìṣòro mìíràn: kì í gbọ́ ohùn kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ńlá a máa dùn ún. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi máa ń wí pé, "Sọ̀rọ̀ sókè," bí a bá sì sọ ọ́ sókè, á ní, "Kí ni o ń pariwo mọ́ mi sí?" Kì í ṣe pé ó fẹ́ fa wàhálà. Ojú ẹni tí ó ń pariwo sì máa ń jọ ojú ẹni tí ó ń jà. Àgbà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa yóò rí ojú wa.

Fóònù ti wá dá kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fóònù kì í gbé gbogbo ohùn wa lọ. Ó máa ń gé apá tín-ín-rín kúrò, apá ibi tí f àti s wà gan-an. Ọmọ á pe ìyá rẹ̀ láti Èkó tàbí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìyá á máa dáhùn pé, "Ó dáa, ó dáa, Ọlọ́hun á ràn ẹ́ lọ́wọ́." Ọmọ á rò pé ọ̀rọ̀ ti yé ìyá. Àdúà nìkan ni ìyá ní lọ́wọ́ tí kò gba kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo etí dídi ni ti ogbó. Ìdọ̀tí etí lásán lè dí i pa, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sì lè yọ ọ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná tàbí kọ́kọ́rọ́ ro etí àgbà. Ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ibẹ̀ ni a ti lè mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ni, tàbí àìsàn, tàbí pé ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí ni yóò ràn án lọ́wọ́. A ń ra awò ojú fún òbí wa láìtijú. Kí ni ìtìjú tí ó wà nínú ti etí?

ÈKEJÌ: OJÚ ÀTI EYÍN

Ojú wà lára ohun tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo a máa wo ẹnu ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, ètè a sì máa fi hàn án bóyá f ni tàbí k. Bí awọ funfun bá ti wá bo ojú, ìrànlọ́wọ́ yìí náà lọ nìyẹn. Nínú òkùnkùn, nígbà tí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná, etí àgbà a máa dà bí ẹni pé ó di ju ti ọ̀sán lọ, nítorí kò rí ẹnu wa mọ́.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò sì lè mọ ẹni tí ó kọjá. Ní ìlú tiwa níbí, ẹni tí kò bá kí ènìyàn, ọ̀tá ni a ó kà á sí. Àgbà á kọjá lára ojúlùmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà Lágere, kò ní kí i, ojúlùmọ̀ á ní, "Kí ni mo ṣe fún un?" Bí a bá mú irú àgbà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ kékeré yọ ohun tí ó bo ojú náà, tí yóò sì tún máa dá ènìyàn mọ̀.

Ti eyín náà wà ńbẹ̀. Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, afẹ́fẹ́ a máa gba àlàfo jáde, s àti f rẹ̀ kì í sì dún dáadáa. Ọmọdé kò ní gbọ́ ohun tí àgbà wí, àgbà kò ní gbọ́ ohun tí ọmọdé wí. Bí ọmọdé náà kò bá tún gbọ́ Yorùbá bí ó ti yẹ, tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá a sọ nílé, kí ni ìyá àgbà tí ó ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ yóò bá a sọ? Ẹ̀yin òbí, èyí kì í ṣe ẹ̀bi ogbó. Ọwọ́ wa ni ó wà.

Ẹ̀KẸTA: ÌRÁNTÍ

Ìrántí àgbà tí ara rẹ̀ le náà a máa falẹ̀. Orúkọ ènìyàn á wà ní orí ahọ́n rẹ̀, kò ní jáde. Bí ó bá ṣe díẹ̀, á dé. Ohun tí ó ti pẹ́ máa ń dúró ju ohun tuntun lọ. Àgbà kan lè sọ fún yín bí Ilé-Ifẹ̀ ti rí ní ọdún 1980 nígbà tí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí wàjà, kí ó má sì rántí ibi tí ó fi tẹ̀súbáà rẹ̀ sí ní àárọ̀ yìí. Ọgbọ́n rẹ̀, òwe rẹ̀ àti bí a ṣe ń parí ìjà kò lọ. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí á fún un ní àkókò díẹ̀. Àwa ni a kì í dúró. Kí ó tó rí orúkọ tí ó ń wá, a ti bá a sọ ọ́, a sì ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣíṣarán yàtọ̀ sí èyí. Àìsàn ọpọlọ ni. Àmì rẹ̀ ni kí ènìyàn máa ṣìnà ní àdúgbò tí ó ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàrin wákàtí kan, kí ó tọ́jú owó sí ibi tí kò yẹ kí ó sì ní wọ́n jí i, kí ó má mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti wádìí àìsàn yìí. Ní Ìbàdàn, àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n lọ, wọ́n sì bá 2,494 àgbà tí ó ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, ohun tí wọ́n rí ní Ìbàdàn jẹ́ 2.29 nínú 100. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ilé ara wọn ní Indianapolis, ó jẹ́ 4.82 nínú 100.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé nínú 100 àgbà bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 98 ni kò ṣarán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á yára pe àgbà ní ẹni tí ó ń ṣarán nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ìkejì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: wọn kò béèrè lọ́wọ́ àgbà nìkan, wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá a gbé. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí nínú agboolé wa, ọmọ ni í sè é, ọmọ ni í rà á, ọmọ ni í mú àgbà lọ mú u bọ̀. Ìrántí lè ti máa lọ fún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni ó lè sọ ohun tí ó yí padà.

Bí àgbà tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lónìí, ẹ má pè é ní àrán, ẹ má sì dúró. Ibà lè fà á, àìsàn inú ìtọ̀ lè fà á, àìmu omi tó lè fà á, oògùn tí ó lò lè fà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan, tàbí ọwọ́ kan rọ, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ pàápàá, ẹlòmíràn wà tí gbogbo ohun tí a ń wí yé e ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ náà kan ibí yìí, bí ó tilẹ̀ le láti sọ. Ìyá àgbà tí ó ń rìn lóru, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó tilẹ̀ ń sọ pé òun ni òun pa ọmọ lágbájá, àwọn ènìyàn a máa ní ó ti ń jẹ́wọ́. Dókítà kan tí ń jẹ́ Margaret Field ṣe ìwádìí ní Gánà, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Ohun tí ó rí láàrin àwọn obìnrin tí wọ́n wá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ara wọn ni pé ọ̀pọ̀ wọn ni àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn ń dà láàmú. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ a máa sọ fún ènìyàn pé ẹlẹ́bi ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, dókítà ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ẹni tí yóò lé e jáde nínú ilé tí ó ti tọ́ ọmọ dàgbà.

Ẹ̀KẸRIN: ỌKÀN

Láàrin ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàrin àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti pé 65 ọdún sókè. Àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lé ní 2,000. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 7 nínú 100 ni àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn tí ó le ti bá jà láàrin ọdún kan ṣoṣo. Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ti àrán tí a sọ lókè, ẹ ó rí i pé ìbànújẹ́ lè wọ́pọ̀ ju àrán lọ. Ó sì ṣe é tọ́jú.

Kí ni ó ń ba àgbà nínú jẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan á dé tí kò ní sí ẹni tí ó lè fi orúkọ àbísọ pè é mọ́; Bàbá tàbí Ìyá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò sí ẹni tí ó lè bá a sọ pé, "O rántí ìgbà tí a jọ ń lọ sí oko kòkó?" Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀, Ọlọ́hun á san wọ́n lẹ́san, ṣùgbọ́n owó kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí ó tún burú ni pé ẹni tí ó ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí a ń pàṣẹ fún. Wọ́n ta ilẹ̀ kan, wọn kò sọ fún un. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó gbọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá yọ àgbà kúrò nínú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ilé náà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ń sùn níbẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka ohun 14 tí ó ń dá kún àìsàn àrán tí ènìyàn sì lè ṣe nǹkan sí. Etí tí ó di wà lára wọn, ojú tí kò ríran tí a kò tọ́jú wà lára wọn, ìbànújẹ́ ọkàn àti àìrí ènìyàn bá ṣeré wà lára wọn. Nítorí náà bí a bá fi àgbà sílẹ̀ nínú ìdákẹ́ rẹ̀ nítorí a rò pé ó ti ń ṣarán, ìdákẹ́ náà lè wà lára ohun tí yóò fa àrán wá.

OHUN TÍ ÀLÙKÙRÁNÌ ÀTI ÌTÀN ÀWỌN ẸNI ÌṢÁÁJÚ FI HÀN WÁ

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó wà nínú Suratul-Isra'i, áyà 23, nípa àwọn òbí tí ọjọ́ ogbó bá bá lọ́dọ̀ wa: kò gbọdọ̀ sí òṣé, kò gbọdọ̀ sí ìjágbe, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni kí á máa bá wọn sọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni áyà náà mẹ́nu bà níbẹ̀. Oúnjẹ àti aṣọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni a tẹnu mọ́.

Nínú Suratu Yusufu, ìbànújẹ́ mú kí ojú Ànábì Yaqubu funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ sú u ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ní kò yé rántí Yusufu. Nígbà tí ó sì sọ fún àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé òun ń gbọ́ òórùn Yusufu, ó ti mọ̀ pé wọ́n lè pe òun ní ẹni tí ó ń ṣarán. Wọ́n dá a lóhùn pé àṣìṣe rẹ̀ àtijọ́ ni ó tún ń ṣe. Bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti lọ ni ó sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn tí ojú wọn là kò mọ nǹkan kan.

Wọ́n sì gbà á wá pé ní ọdún tí a ṣí Mọ́kà, Abubakari mú bàbá rẹ̀, Abu Quhafah, wá sọ́dọ̀ Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bàbá náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ànábì béèrè ìdí tí kò fi fi àgbà náà sílẹ̀ nílé kí òun fúnra òun lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún àwa tí a máa ń retí kí àgbà máa wá bá wa.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà, ẹ lọ sí iwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó rí ojú yín kí ẹ tó lanu. Ẹ sọ orúkọ yín: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, èmi lágbájá ọmọ lágbájá ni." Ẹ má bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ìdánwò ni ìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ń ṣe ìdánwò. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú ohùn wálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Bí "ẹ̀kọ́" kò bá wọlé, ẹ ní "iṣẹ́ tí áàfáà fún wa". Bí ó bá tún ìtàn kan sọ, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹ kò tíì bi í rí nípa rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù October, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wà ní ìsinmi nítorí òmìnira orílẹ̀-èdè wa, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1990. Ẹ lo ọjọ́ náà láti bẹ àgbà kan wò.

Ẹ̀yin òbí: ẹ pa rédíò kí ẹ tó bá àgbà sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé, kí ẹ sì dúró gba ìdáhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀, oko kòkó tàbí gbèsè, ẹ má ṣe gba mímì orí bí ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ àgbà a máa mi orí sí ohun tí wọn kò gbọ́ nítorí ìtìjú. Lọ́jọ́ iwájú wọn á ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ á ní bàbá yí ọ̀rọ̀ padà, ìjà á dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á sí i létí níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Áyà 282 nínú Suratul-Baqarah, tí ó sọ nípa kíkọ gbèsè sílẹ̀, kò gbàgbé ẹni tí ó jẹ́ aláìlera tí kò lè pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé: alábòójútó rẹ̀ ni yóò bá a pè é pẹ̀lú òdodo.

Ẹ̀yin jàmáà: bí àgbà kan bá dẹ́kun wíwá sí jímọ́ọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti dín kù. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ kutuba mọ́, kò sì sí ohun tí ó le bí kí ènìyàn jókòó láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ń ké kíkankíkan kò ràn án lọ́wọ́. Ohùn tí ó mọ́ ni ó ń fẹ́. Ẹ fún un ní àyè níbi tí yóò ti rí ẹnu Lèmọ́mù. Lẹ́yìn ìrun, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì í, kí ó sọ kókó wàásù náà fún un.

Ẹ̀yin àgbà wa fúnra yín, a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá gbọ́, ẹ sọ pé ẹ kò gbọ́. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ní kí ẹ jẹ́ kí dókítà wo etí tàbí ojú yín, ẹ bá wọn lọ. Bí àwọn ọmọdé bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi wọ́n ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí ẹ tó bínú.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà lára ọmú náà. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ nígbà tí a kò lè pe nǹkan kan dáadáa. Wọ́n tún un sọ fún wa títí ó fi yé wa, inú wọn sì dùn sí èyí tí a ṣì pè. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ó fún àwọn tí ó wà láyé nínú wọn ní àlàáfíà, kí ó forí jin àwọn tí ó ti lọ, kí ó sì fún àwa náà ní ọmọ tí yóò ní sùúrù láti dúró gbọ́ tiwa ní ọjọ́ alẹ́. Àmín.